Ẹ̀yìn Ni Bàbá Mi Fi Ka Ọ̀nà

Nígbà tí dókítà ní ká máa gbé e lọ sílé,
ẹ̀yìn mọ́tò la tẹ́ Oyinlóyè sí,
orí lórí itan mi, ẹsẹ̀ lára ilẹ̀kùn,
aṣọ òtútù dé àgbọ̀n.
Kò lè gbórí sókè wo fèrèsé.
Òrùlé mọ́tò ló ń wò, níbi tó ti ya.

A fi Ìlọrin sílẹ̀ kí oòrùn tó mú.
Títì gbòòrò níbẹ̀, ó ń dán, kò sọ nǹkan kan fún un.
Ẹ̀yìn ìyẹn ló fún,
ó di ọkọ̀ kan lọ, ọkọ̀ kan bọ̀.
Bí tírélà bá pàdé tírélà,
àwọn méjèèjì a fi táyà kan tẹ koríko,
bí àna méjì tó pàdé lójú ọ̀nà odò.

Mọ́tò fò, gìdì.
"Gánmọ," ni bàbá mi wí.
Mo yọjú: wáyà iná ńláńlá ń kọjá lórí wa lóòótọ́.
Gbì, gbì, ẹ̀ẹ̀mejì tó súnmọ́ra.
"Àmọyọ̀. Ọdún tí ìyá rẹ lóyún rẹ
ni mo kọ́kọ́ dí ìyẹn."

Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe lébìrà ojú títì:
ṣọ́bìrì kan, bárò kan tí táyà rẹ̀ kì í gba afẹ́fẹ́,
fìlà kan tí ọ̀dà ti sọ di awọ.
Ìjọba yí, ó tún yí,
owó oṣù a máa sùn lọ́nà
bí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ láti Kàdúná.
Bàbá mi a jí, a gbé bárò.

Ìdọ̀fìàn: òórùn ewé kaṣú tó ń jó ló kọ́kọ́ gbọ́,
kí mọ́tò tó gbọ̀n.
Òmùpo: wẹ́wẹ́wẹ́, bí asẹ́ tí wọ́n fi ń ku èlùbọ́.
Ní ìkóríta Àjàṣẹ́, dírẹ́bà dúró ra búrẹ́dì.
Àwọn tó ń lọ sí Ọ̀fà yà sọ́tùn-ún,
àwa yà sósì.
"A ti yà," ni bàbá mi wí. Ojú rẹ̀ ti dì báyìí.

Làmídì tó ń wà wá ò fẹ́ràn eré yìí.
Ó ní ẹni tó bá ń kí gbogbo ìlú báyìí,
ó ń dágbére ni.
Mo ní kó máa wa ọkọ̀ rẹ̀.

Nígbà tá a kọjá Òrò, bàbá mi gbára dì.
Ó di etí aṣọ mi mú.
Mo mọ ibẹ̀, gbogbo ọlọ́kọ̀ ló mọ ibẹ̀,
kòtò tó da ọsàn Sàláátù sígbó lọ́jọ́ ọjà,
tí ọsàn náà hù, tó ti di igi mẹ́ta.
A dé ibẹ̀. A kọjá.
Ọkọ̀ ò fò.

Bàbá mi lajú.
"Dúró. Ta ló dí i?"

Ọmọdé kan dìde lábẹ́ igi ọsàn,
bí ọmọ ọdún mẹ́wàá, ọkọ́ léjìká,
eruku pupa dé ìpéǹpéjú.
Mo ṣílẹ̀kùn kí bàbá lè rí i,
àbí kí ọmọ náà lè rí bàbá.
Mo rò pé yóò súre. Kò súre.
"Ìwọ. O dí i dọ́gba pẹ̀lú títì.
Má dí i dọ́gba mọ́.
Jẹ́ kó ga díẹ̀, kó yọ bí ikùn aboyún oṣù mẹ́rin.
Táyà ló máa parí iṣẹ́ náà fún ẹ."

Ọmọ náà ní, "Ẹ ṣé, sà. Owó ńkọ́?"
Làmídì bú sẹ́rìn-ín.
Òun gan-an ló fún un ní igba náírà,
ó tún já búrẹ́dì sí méjì.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà la sin bàbá mi ní Òmù-Àrán.
Wọ́n da yẹ̀pẹ̀ bò ó, wọ́n fẹ́ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ.
Mo ní kí wọ́n jẹ́ kó ga díẹ̀.